Kì Í Ṣe Wàrà Ìyálọ́mọ Ló Wà Nínú Ìgò Yẹn

Ìgò kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń rà fún iṣẹ́ ìwádìí, èyí tí kò ju ọmọńdinrín ìka lọ. Orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni MFG-E8; àwọn mìíràn ń pè é ní lactadherin. Àlàyé tó sábà máa ń tẹ̀ lé orúkọ yìí ni pé purotéènì ara ọ̀rá wàrà ọmú ènìyàn ni, àti pé yàrá ìwádìí nìkan ló wà fún. Ẹni tó bá ka àlàyé yẹn ní Kaduna, ì báà jẹ́ ní Kawo tàbí ní Sabon Tasha, ì báà jẹ́ olùkọ́ tàbí oníṣòwò, kò ní pẹ́ kó tó gbà pé wọ́n fún wàrà lára àwọn ìyálọ́mọ, wọ́n yọ ọ̀rá rẹ̀, wọ́n sì gbẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń ya ọ̀nà méjì. Àwọn kan á ní ògidì oúnjẹ ọmọ ni, gbogbo agbára ọmú ìyá tí a kó jọ sójú kan. Àwọn kan á ní ẹ̀tàn ni, tàbí ohun ìríra tí kò yẹ kó wọ ìlú.

Mo gbà pé ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń tì í lẹ́yìn. Ìyẹ̀fun inú ìgò náà funfun. Kaduna sì jẹ́ ìlú tó mọ wàrà dáadáa: àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri nono, wọ́n sì ń ta bọ́tà màlúù tí àwọn Haúsá ń pè ní man shanu, nítorí náà ọmọdé pàápàá mọ̀ pé a lè yọ ọ̀rá kúrò lára wàrà. Ẹni tó fi ohun tó mọ̀ wọn ohun tí kò mọ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, èrò náà kò tọ̀nà. Kì í ṣe pé ó ṣìnà díẹ̀. Ó ṣìnà ní orísun, ó ṣìnà ní ìwúlò, ó sì ṣìnà lórí ewu. Ẹ jẹ́ kí a mú un lẹ́sẹẹsẹ.

Kí a tó tako ìgbàgbọ́ náà, ó yẹ kí a sọ ibi tí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ara wàrà ni wọ́n ti kọ́kọ́ bá purotéènì yìí pàdé. Ọ̀rá inú wàrà kì í ṣe epo kan tó kàn léfòó sójú omi. Róbótó-róbótó ló wà káàkiri, ìbú ẹyọ kan nínú wàrà ènìyàn sì jẹ́ nǹkan bíi mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ìdá mìlímítà kan. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló yí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ká, awọ tí sẹ́ẹ̀lì inú ọmú fi wé e nígbà tó ń tì í jáde. Ara awọ yìí ni MFG-E8 lẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin tó ń mi wàrà nínú igbá mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́: mímì náà ló ń fọ́ awọ, ọ̀rá inú rẹ̀ á wá so pọ̀ di bọ́tà, ọ̀pọ̀ lára awọ tó fọ́ á sì kù sínú omi wàrà. Kókó kan ti jáde níhìn-ín tí àwọn ènìyàn ń fò dá. Purotéènì yìí kì í ṣe ọ̀rá. Ara ohun tó bo ọ̀rá ni, ẹni tó bá sì ń wá ọ̀rá wàrà nínú ìgò náà kò ní rí ẹ̀kán kan.

Àṣìṣe kìíní wà lórí orísun. Òótọ́ ni pé purotéènì ti ènìyàn ni, ṣùgbọ́n a kò fún un lára ènìyàn kankan. Jíìnì tó ń pàṣẹ bí a ṣe ń ṣe é wà lórí kúrómósómù 15 nínú ara gbogbo wa, ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin. Àwọn onímọ̀ ti ka àṣẹ náà tán, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ohun tí àwọn tó ń pèsè rẹ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á kọ ẹ̀dà àṣẹ yẹn sínú òrùka DNA kékeré kan, wọ́n á sì fi òrùka náà sínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń sìn nínú ike tàbí nínú àgbá. Ó lè jẹ́ bakitéríà E. coli. Ó lè jẹ́ sẹ́ẹ̀lì eku tí wọ́n ń pè ní NS0, tàbí èyí tí a mú láti ara hamster, ẹranko kékeré kan tó jọ eku. Ó sì lè jẹ́ HEK293, ìdílé sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ènìyàn kan tí wọ́n ti ń sìn nínú yàrá ìwádìí láti ọdún 1973, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Leiden ní orílẹ̀-èdè Netherlands. Sẹ́ẹ̀lì náà á ka àṣẹ tuntun yìí, á sì máa ṣe purotéènì náà.

Lẹ́yìn èyí ni yíyọ rẹ̀ kúrò láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe. Wọ́n sábà máa ń so ìrù kúkúrú kan mọ́ purotéènì náà, ìrù tí wọ́n fi histidine, ọ̀kan lára àwọn ègé tí à ń pè ní ásíìdì àmínò tí a fi ń kọ́ purotéènì, bíi mẹ́fà tàbí mẹ́wàá to léra. Ìrù yìí máa ń di èròjà nickel mú. Bí wọ́n bá da omi sẹ́ẹ̀lì náà gba inú ọ̀pá tí nickel wà, ohun tí wọ́n ń wá á dúró, ìyókù á ṣàn lọ. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tú u sílẹ̀, wọ́n á gbẹ ẹ́ nínú òtútù, wọ́n á sì dí i sínú ìgò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ọmú kankan níbẹ̀.

Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ló dé tí wọn kò kúkú fún wàrà ìyálọ́mọ, nígbà tó ṣe pé ó wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè tó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ sì fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Wàrà ìyá méjì kì í rí bákan náà. Ti ìyá kan pàápàá a máa yí padà bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Wàrà lè gbé fáírọ́ọ̀sì, HIV sì wà lára wọn. Purotéènì mìíràn pọ̀ nínú rẹ̀ tí yóò máa lẹ̀ mọ́ èyí tí a ń wá. Olùwádìí sì fẹ́ kí ìgò tó rà lónìí bá èyí tí yóò rà lọ́dún tó ń bọ̀ mu, kí àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ má bàa yí nítorí pé ìyá ọ̀tọ̀ ló fún un ní wàrà. Ohun tí wàrà kò lè ṣèlérí nìyẹn, òun gan-an ló sì mú kí wọ́n gba ọ̀nà jíìnì.

Ó yẹ kí n fi ààlà sí ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ ọ́ di àsọdùn. Bí àṣẹ tiẹ̀ jẹ́ ti ènìyàn, ọwọ́ tó ṣe iṣẹ́ yàtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì inú ọmú máa ń lẹ àwọn ẹ̀ka ṣúgà mọ́ purotéènì yìí; E. coli kì í lẹ irú ṣúgà bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì eku á lẹ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní bá ti ènìyàn mu délẹ̀délẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ohun inú ìgò àti ohun inú ọmú jẹ́ ọ̀kan náà láìkù síbì kan ti sọ ju ẹ̀rí lọ.

Àṣìṣe kejì ni pé wàrà nìkan ni ibùgbé purotéènì yìí. Lóòótọ́, ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí i, ọdún 1990 ni wọ́n sì gbé àpèjúwe jíìnì rẹ̀ jáde láti ara ọmú eku. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti kọ́kọ́ rí ènìyàn kọ́ ni gbogbo ibi tó ń gbé. Ní ọdún 2002, àwọn olùwádìí tó wà lọ́dọ̀ Shigekazu Nagata ní Osaka, ní Japan, fi hàn pé MFG-E8 ní iṣẹ́ kan tí kò kan ọmọ jòjòló rárá. Sẹ́ẹ̀lì ń kú nínú ara wa lójoojúmọ́, ara sì ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ òkú wọn kí ó tó bàjẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó ń kú máa ń yí ọ̀rá kan tó ń jẹ́ phosphatidylserine síta, ó dà bí ẹni pé ó gbé àmì sójú. MFG-E8 á fi apá kan di àmì yẹn mú, á fi apá kejì di sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ òkú mú, iṣẹ́ á sì parí. Nígbà tí wọ́n sin eku tí kò ní jíìnì yìí, òkú sẹ́ẹ̀lì kó jọ sí ọlọ inú wọn, ara wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ jà.

Ohun mìíràn tún wà. Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ ní Sweden rí i pé èérún kan tó já kúrò lára purotéènì yìí, tó jẹ́ ásíìdì àmínò 50, ló máa ń kó jọ sára òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá àwọn àgbàlagbà. Wọ́n sọ ọ́ ní medin. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń ra ìgò yìí kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú wàrà. Ọ̀kan ń wá ìdí tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà. Òmíràn ń wo òpó ẹ̀jẹ̀. Ẹlòmíràn ń fi í ṣe òṣùwọ̀n láti mọ iye rẹ̀ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn.

Àṣìṣe kẹta ló léwu jù nínú ilé: pé oúnjẹ ni, àti pé bí ọmọ bá rí i mu yóò rí àǹfààní ọmú gbà. Mo mọ ibi tí èrò yìí ti lè rí ẹ̀rí kó jọ. Ní ọdún 1998, olùwádìí David Newburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti Mexico City. Wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ ọmọ 200. Rotavirus, fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, wọ inú 31 nínú wọn. Nínú àwọn 31 yìí, àwọn ọmọ tí àìsàn kò hàn lára wọn ni wàrà ìyá wọn ní lactadherin púpọ̀ jù: nǹkan bí máíkírógíráàmù 48 nínú mìlílítà kan, nígbà tí ti àwọn tó ṣàìsàn jẹ́ nǹkan bí 29. Ìwádìí tó ṣe pàtàkì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé iye purotéènì yìí nínú wàrà àti ìlera ọmọ jọ rìn pọ̀. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni po ìyẹ̀fun fún ọmọ.

Ẹni tí èyí kò tẹ́ lọ́rùn, kí ó ṣírò pẹ̀lú mi. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ nínú ìgò irú purotéènì yìí jẹ́ máíkírógíráàmù 50. Bí a bá fi iye tó wà nínú wàrà àwọn ìyá ọmọ tí kò ṣàìsàn yẹn wò ó, ohun tó wà nínú ìgò kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tó wà nínú mìlílítà wàrà kan lọ, ìyẹn ẹ̀kán mélòó kan. Ọmọ tó ń mu ọmú dáadáa lè mu mìlílítà 750 lóòjọ́. Yóò gba ìgò tó ju 700 lọ lójúmọ́ kan láti fi bá purotéènì kan ṣoṣo yìí dọ́gba, a ó sì tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ṣúgà wàrà, ọ̀rá fúnra rẹ̀, àwọn purotéènì mìíràn bíi lactoferrin àti lysozyme, àti àwọn antibody tí ìyá ń fi ránṣẹ́ sí ọmọ láti bá àrùn jà. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé kò yí padà: ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ìwádìí ìlera tí Nàìjíríà ṣe ní 2018 fi hàn pé ọmọ 29 péré nínú 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń rí bẹ́ẹ̀ gbà. Orílẹ̀-èdè tí iye rẹ̀ kéré tó báyìí kò gbọ́dọ̀ máa fi ìgò yàrá ìwádìí tan ara rẹ̀. Fún rotavirus, Nàìjíríà ti fi àjẹsára rẹ̀ sínú ètò àjẹsára ọmọdé láti oṣù kẹjọ ọdún 2022; ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń bà lẹ́rù, kí ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Àṣìṣe kẹrin máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó kàwé díẹ̀. Wọ́n á ní ohun tí wọ́n ń lò ní yàrá ìwádìí gbọ́dọ̀ mọ́ ju òògùn ilé ìwòsàn lọ, nítorí náà kò lè pa ènìyàn lára. Mo gbà pé ó lè mọ́ gan-an fún iṣẹ́ tí a ṣe é fún. Ṣùgbọ́n mímọ́ fún àyẹ̀wò kì í ṣe mímọ́ fún ara. Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń fi purotéènì ẹ̀jẹ̀ màlúù kún un kí ó má bàa lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ọ̀rọ̀ pé iṣẹ́ ìwádìí nìkan ló wà fún túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó ti dán ìgò yẹn wò láti mọ ìwọ̀n tí ara lè gbà, kò sì sí àjọ tó fọwọ́ sí i fún jíjẹ, mímu tàbí gígún. NAFDAC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993, ló ń fọwọ́ sí oúnjẹ àti òògùn ní orílẹ̀-èdè yìí. Láti 1990 ni òfin sì ti wà lórí títa ohun tí a fi ń rọ́pò wàrà ìyá. Ìgò yìí kò gba ọ̀dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn kọjá.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ nìkan. Apá tí MFG-E8 fi ń di phosphatidylserine mú jọ apá tí èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ìyẹn Factor V àti Factor VIII, fi ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Nínú yàrá ìwádìí, wọ́n ti rí i pé lactadherin lè gba ààyè mọ́ wọn lọ́wọ́, kí ó sì dènà dídì ẹ̀jẹ̀. Wọ́n tún ti rí i lára eku pé ó ń ran híhù òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun lọ́wọ́, ohun tó dára fún ẹran ara tó ń sàn, tí kò sì dára níbi tí jẹjẹrẹ wà. Ohun tó ní agbára tó báyìí kì í ṣe ohun tí a ń fi àbá gún sára.

Wàyí o, mo ti ń bá àwọn tó sọ ọ́ di oúnjẹ wí. Àwọn tó pè é ní ẹ̀tàn náà kò gbọ́dọ̀ rò pé mo wà lẹ́yìn wọn. Òótọ́ ni pé kò ti inú ọmú wá. Èyí kò sọ ọ́ di ayédèrú. Ínsúlíìnì tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ń gún ní Kaduna lónìí, ọ̀nà kan náà ló gbà wá: wọ́n fi jíìnì ènìyàn sínú bakitéríà ní 1978, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1982. Ṣáájú ìgbà náà, láti inú àmọ́ màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà hepatitis B, tí à ń gún fún ọmọ tuntun, inú ìwúkàrà ni wọ́n ti ń ṣe purotéènì inú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn wọ̀nyí àti ìgò MFG-E8 kò sí nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe wọ́n. Ó wà nínú àyẹ̀wò tí àwọn yẹn ti là kọjá.

Kaduna ní ìdí tirẹ̀ láti ka irú àlàyé yìí sí. Ní ọdún 2003, ìpínlẹ̀ náà wà lára àwọn tó dá fífún ọmọdé ní àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró, pẹ̀lú Kano àti Zamfara, nítorí ìròyìn pé wọ́n ti fi ohun tó ń sọ obìnrin di àgàn sínú rẹ̀. Ìfura náà ní ibi tó ti wá. Àwọn ènìyàn kò tíì gbàgbé ìdánwò òògùn Trovan tí Pfizer ṣe lára àwọn ọmọdé ní Kano ní 1996. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Àrùn náà tàn láti ìhà àríwá Nàìjíríà dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di oṣù kẹjọ 2020 kí a tó kéde pé fáírọ́ọ̀sì rọpárọsẹ̀ àdáyébá (wild poliovirus) ti tán ní Áfíríkà. Àjẹsára yẹn àti purotéènì tí mò ń sọ kì í ṣe irú kan náà. Àìbìkítà tó mú ká sọ ohun tí kò sí nínú ìgò pé ó wà níbẹ̀ ni ó jọra, àwọn ọmọdé ló sì fi ẹsẹ̀ wọn san owó rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù tí mi ò ní fojú kéré. Àwọn Mùsùlùmí mọ̀ pé ọmú máa ń so ìbátan, àti pé àwọn méjì tó mu ọmú ìyá kan náà kò lè fẹ́ ara wọn. Ní ìlànà Màlíkì tí ó gbilẹ̀ ní ìhà àríwá, mímu díẹ̀ pàápàá tó láti so ìbátan yìí. Ẹni tó bá bèèrè bóyá ìgò yìí kàn án bèèrè dáadáa. Ìdájọ́ jẹ́ ti àwọn ààfáà. Ohun tí sáyẹ́ǹsì lè gbé síwájú wọn ni pé kò sí obìnrin tó fún ẹnikẹ́ni ní ọmú nínú iṣẹ́ náà, kò sì sí ẹni tó yẹ kó mu ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kí wá ni ó wúlò fún? Àwọn yàrá ìwádìí kì í ṣe àjèjì ní agbègbè yìí: Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní Zaria láti 1962, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kaduna wà nínú ìlú, ilé-iṣẹ́ ìwádìí orílẹ̀-èdè lórí àrùn oorun náà wà ní Kaduna. Ẹni tó bá ń ṣèwádìí lórí òkú sẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ lè lo ìgò yìí láti fi dá sẹ́ẹ̀lì tó ń kú mọ̀. Ẹ má ṣe ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí eré. Láti inú ìwádìí lórí awọ ọ̀rá wàrà yìí kan náà, ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ni wọ́n ti rí àwọn antibody tó ń dá MUC1 mọ̀, purotéènì mìíràn tó wà lára awọ náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CA 15-3, tí àwọn dókítà ń lò láti mọ bí jẹjẹrẹ ọmú ṣe ń gba ìtọ́jú, ti ibẹ̀ jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe tọ́, kí ó sọ pé: purotéènì tí a kọ́kọ́ rí lára awọ ọ̀rá wàrà, tí ara ènìyàn ń lò níbi púpọ̀, tí a fi sẹ́ẹ̀lì ṣe nínú àgbá láti inú àṣẹ jíìnì ènìyàn, fún iṣẹ́ ìwádìí, tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ, mu tàbí gún. Ó gùn ju àhesọ lọ, ṣùgbọ́n òun ni òótọ́. Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn pé wàrà obìnrin ni, kí ó fi ipele tí wàrà ti wọlé hàn wá. Mo ti to iṣẹ́ náà láti òrùka DNA títí dé ìdérí ìgò. Ipele yẹn kò sí níbẹ̀.